Orúkọ Kan fún Ẹni Méjì

Ẹja kún ọjà Woolwich nílùú òyìnbó níbí fọ́fọ́, ṣùgbọ́n Fàtáì ní òun ò fẹ́ ẹja inú yìnyín. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, ẹ ò lè bá wọn jiyàn lórí ẹja. Oyún Kàfí ìyàwó ẹ̀ ti wọ oṣù kẹsàn-án, nínú fúláàtì wọn ní Connaught ló ń jókòó sí, oúnjẹ kan ò sì lọ lẹ́nu ẹ̀ àfi ọbẹ̀ ẹja tútù. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wọ́ mi lọ sétí adágún odò kan ní Thamesmead, nírọ̀lẹ́, nínú oṣù kẹrin, tí òtútù ń gé wa létí.

Ẹ jẹ́ n là á mọ́lẹ̀: Fàtáì ò ní ìwé. Fíìsà ẹ̀ ti kú tipẹ́. Orúkọ tèmi, Mìkáílù Sàlàkọ́, ló fi ń nulẹ̀ ní ọ́fíìsì kan. Èmi ti fi iṣẹ́ ilẹ̀ nínù sílẹ̀, kábù ni mò ń wà. Ọ̀rẹ́ mi sì ni, kí ló burú níbẹ̀? Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń pè é ní Mìkáílù, tó ń jẹ́ ẹ. Nígbà míì tí mo bá pe Fàtáì lójú títì, kì í tètè wẹ̀yìn mọ́. A máa ń fi rẹ́rìn-ín.

Koríko àti òṣíbàtà ti bo odò náà. Ìwọ̀ tó bá rì síbẹ̀, ó gbé nìyẹn. Fàtáì wá so ọ̀pọ̀lọ́ rọ́bà oníwọ̀ kan tó ń léfòó mọ́ okùn ọ̀pá ìpẹja ẹ̀, ó jù ú sáàárín òṣíbàtà, ó jẹ́ kí omi rọlẹ̀. Ó fa okùn díẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ ta pọ́n-ún. Ó tún dúró.

"Ṣé ká máa lọ?" mo bi í.

"Ẹja ò kánjú. Ìwọ lò ń kánjú."

Èmi! Èmi tí òtútù fẹ́ pa!

Ni omi bá bú gbàmù. Ọ̀pá tẹ̀, Fàtáì tẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀. Ohun tó fà jáde gùn tó apá mi, ẹnu gígùn, eyín ṣóṣóró. Páìkì ni àwọn òyìnbó ń pè é. Fàtáì bẹ̀rẹ̀ sí í jó. "Kàfí á jẹun lónìí!"

Ibẹ̀ ni ọlọ́pàá méjì bá wa. Òyìnbó kan tó ń fa ajá ló pè wọ́n. Wọ́n ní a kì í pẹja nígbà yẹn, ẹja ń yé ẹyin lọ́wọ́. Ọlọ́run mi o! Ẹja ló ń gba ìsinmi ìbímọ nílùú yìí!

Ọ̀rọ̀ náà ò tiẹ̀ le. Wọ́n ní ká dá ẹja padà sómi, ká sọ orúkọ wa, ká máa lọ. Fàtáì dá a padà, ó fojú sìn ín títí. Mo ní, "Mìkáílù Sàlàkọ́." Ọlọ́pàá kọ ọ́ sílẹ̀, ó yíjú sí Fàtáì.

"Mìkáílù Sàlàkọ́," ni Fàtáì wí wéré, bó ṣe máa ń wí i níbi iṣẹ́.

Mo yíjú sí i kíá. Òun náà gbọ́ ohun tó tẹnu ẹ̀ jáde, ó la ẹnu sílẹ̀. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kò ṣeé kó. Ọlọ́pàá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé à ń ṣeré. Nígbà tó yá, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Èwo nínú yín gan-an ni?"

Fàtáì wò mí. Ó mọ̀ pé tí wọ́n bá kó àwa méjèèjì, àṣírí orúkọ tí mo yá a á tú, tèmi náà bàjẹ́ nìyẹn, ti ìyàwó tọmọ mi.

"Òun ni," ó wí. "Èmi ń jẹ́ Fàtáì Láwàl."

Wọ́n fi rédíò yẹ orúkọ náà wò, wọ́n rí i pé kò ní ìwé, wọ́n gbé e sínú mọ́tò. Mo bínú sí i débi pé mo ń sunkún. Ẹnu lásán ló kó bá a!

Kàfí ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Ó ti gbé ata kaná. Ó ń wo ẹ̀yìn mi.

"Uncle Mìkáílù, ẹ káàbọ̀. Ọkọ mi ńkọ́?"

"Ọlọ́pàá mú un."

Ó di ara ògiri mú. "Orúkọ yín ló fún wọn, àbí? Ẹ sọ fún mi pé orúkọ yín ló fún wọn."

"Tiẹ̀ ló fún wọn, Kàfí."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun toyún. "Ó ti lọ nìyẹn, wọ́n á dá a padà sí Ẹ̀pẹ́," ló wí. Mo bẹ̀ ẹ́ kó dìde. Kò dìde.