Eré Tàbí Ilé, Mú Ọ̀kan

Ní ọdún tí bẹntiróòlù wọ́n bí ojú, tí owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba ń wọlé ní ọjọ́ tó bá wù ú, ìlú Àkúrẹ́ kún fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Moríyọ̀ nìkan ló ń sáré. Taìpíìsì ni ní sẹkitéríàtì ní Alágbàká, ìyá ọlọ́mọ méjì ni, ìyàwó tíṣà ni, ó sì wà lára àwọn obìnrin tó ń sá eré ọ̀nà jíjìn ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ẹ má bi mí léèrè ibi tó ti ń rí àyè. Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Kì í rí àyè rárá, jíjí ló ń jí i. Kí ilẹ̀ tó mọ́, yóò ti gbé omi ìwẹ̀ àwọn ọmọ kaná, kí omi náà sì tó gbóná, ó ti sá dé òkè Ìjọ̀kà, ó ti padà. Tó bá mú àwọn ọmọ dé ilé ìwé tán, a ki aṣọ iṣẹ́ sínú báàgì, a gbé e kọ́ ẹ̀yìn, ó di Alágbàká. Nírọ̀lẹ́, a gba Ọjà Ọba padà sílé, a máa ná ata, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì ní dúró lójú kan. Àwọn télọ̀ ẹ̀gbẹ́ ààfin a máa pariwo pé kí ni ìyàwó tíṣà jí gbé tó ń sá báyìí. Moríyọ̀ a ní àkókò ni òun jí, kí wọ́n lọ pe ọlọ́pàá.

Adélaní, ọkọ rẹ̀, kò bá a jà lórí eré. Ọmọ Oǹdó ni, onísùúrù èèyàn, òun náà ló ń fún àwọn ọmọ lóúnjẹ bí ìyàwó rẹ̀ bá lọ pápá. Ẹni tí Adélaní ń bẹ̀rù ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Agnes, àgbà ọmọ nílé wọn ní Oǹdó. Ẹ sì mọ̀ bó ṣe rí nílẹ̀ wa: gbogbo ọmọ ilé tí ìyàwó bá bá nílẹ̀, ọkọ rẹ̀ ni, ìbáà jẹ́ obìnrin. Agnes kì í fi ipò ọkọ yìí ṣeré.

Ní ọdún náà, ìdíje tí wọn yóò fi yan àwọn tó máa ṣojú ìpínlẹ̀ bọ́ sí àárọ̀ Sátidé kan ní Àkúrẹ́. Ẹni méjì tó bá ṣáájú ni wọn yóò mú. Moríyọ̀ ti ń súnmọ́ ogójì ọdún. Bí kò bá wọlé lọ́tẹ̀ yìí, ó parí nìyẹn. Sátidé yẹn gan-an ni ilé ọkọ rẹ̀ dá fún ìrántí ìyá wọn tó ti dolóògbé. Wọn yóò ṣe ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn náà wọn yóò gún iyán fún àlejò. Nílé yẹn, ìyàwó tó wọlé kẹ́yìn ló ń kọ́kọ́ mú ọmọ odó, Moríyọ̀ ló sì wọlé kẹ́yìn.

Ó bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Oǹdó ṣáájú ọjọ́ náà, ó kúnlẹ̀ fún Agnes, ó ṣàlàyé pé àárọ̀ ni eré, ọ̀sán ni iyán, òun yóò ṣe méjèèjì. Agnes ní ẹni tó bá ń lé eku méjì á pòfo.

"Eré tàbí ilé, mú ọ̀kan," Agnes wí. "Bí odó bá dún tí o kò sí níbẹ̀, má wá mọ́."

"Àǹtí, eku kan ṣoṣo ni mò ń lé," Moríyọ̀ fèsì lórí ìkúnlẹ̀ tó wà. "Ẹ̀yin lẹ pín in sí méjì."

Adélaní kàn ń wolẹ̀ ni. Èyí bí Moríyọ̀ nínú ju ọ̀rọ̀ Agnes lọ. Nígbà tí wọ́n ń padà, ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé kó kó àwọn ọmọ lọ sí Oǹdó ní Fúráìdè, kó sì sọ fún àwọn èèyàn rẹ̀ pé òun ń bọ̀. Kò bẹ̀ ẹ́ rárá.

Nígbà tí Sátidé pé, àárọ̀ kùtù ni Moríyọ̀ ti dé pápá. Oòrùn yọ, oòrùn gòkè, àwọn ọ̀gá tó máa darí eré kò yọjú. Wọ́n ní wọ́n wà lórí ìlà níbi tí wọ́n ti ń ta bẹntiróòlù. Ẹ wá wo ìwà: obìnrin tó ń fi oorun rẹ̀ ra àkókò, àwọn ọ̀gá ń da tirẹ̀ nù bí omi ìfọwọ́. Ara Moríyọ̀ ń sọ fún un pé kó máa lọ sí Oǹdó, pé odó máa tó dún. Ó jókòó sábẹ́ igi, ó ń bú wọn lábẹ́lẹ̀, kò lọ. Nígbà tí wọ́n dé, ọ̀kan nínú wọn ní kí àwọn obìnrin má bínú. Moríyọ̀ ní òun ń bínú, kó fọn fèrè.

Ìbínú náà ló fi sáré. Ọmọbìnrin kan láti Ìlárá-Mọ̀kín nìkan ló ṣáájú rẹ̀. Wọ́n mú un, wọ́n ní kó wọ àgọ́ ìgbáradì ní Mọ́ńdè. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́ ké, ṣùgbọ́n àyè igbe kò sí.

Gáréèjì ṣófo. Lọ́rì kan tó ń lọ kó kòkó ló gbà á, ó jókòó sórí àpò òfìfo. Nígbà tí wọ́n dé Bọ́lọ́rundúró, bẹntiróòlù tán, lọ́rì kú. Dírẹ́bà ní kí wọ́n dúró, bóyá Ọlọ́run á rán ẹnì kan sí wọn. Moríyọ̀ wo ọ̀nà Oǹdó, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó bọ́ sílẹ̀ nínú lọ́rì. Ó so okùn bàtà le, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Bó bá rẹ̀ ẹ́, a rìn. Bó bá rántí "má wá mọ́", a tún sá.

Nígbà tó fi máa dé, odó ti ń dún. Àwọn àlejò ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n jókòó sábẹ́ àtíbàbà. Akíntóyè, àgbà ọkùnrin ilé náà, wà lórí ìdúró, ó ń ròyìn olóògbé fún wọn. Ó ní láti oko wọn ní Bọ́lọ́rundúró ni ìyá àwọn ti máa ń rìn wálé pẹ̀lú ẹrù lórí, tí yóò tún dìde sídìí odó, kí ọmọ kan má baà sùn lébi. Àwọn àlejò ń kan sáárá sí òkú. Àárín ọ̀rọ̀ yìí ni Moríyọ̀ wọlé, nọ́ńbà eré láyà, iyọ̀ òógùn ti gbẹ mọ́ ọn lójú. Agnes pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Odó ti dún," Agnes wí. "Irú aṣọ wo nìyí níwájú àlejò? Níbo lo ti ń bọ̀?"

Moríyọ̀ kò kúnlẹ̀. Bó bá kúnlẹ̀, kò ní lè dìde mọ́. Bó bá sì lè dìde, kò wù ú láti kúnlẹ̀.

"Bọ́lọ́rundúró," ó ní. "Ibẹ̀ ni ọkọ̀ kú sí. Mo sá a wá."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lábẹ́ àtíbàbà, ó ní orí ìyàwó yìí ti dàrú. Moríyọ̀ yíjú sí gbogbo wọn, ahọ́n Àkúrẹ́ rẹ̀ sì yọ.

"Ìyá yín rin ọ̀nà yìí, ẹ ń yìn ín. Èmi sá a, ẹ ní n má wọ ulé mọ́. Kí ni mo ṣe tí ìyá kò ṣe?"

Akíntóyè rọra jókòó. Àwọn àlejò ń wo Agnes. Agnes ń wo bàtà Moríyọ̀ tí erùpẹ̀ ọ̀nà ti sọ di pupa. Ó yẹra kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

"Lọ gún un," ó wí. "Kó má sì ní kókó."

Adélaní ti bu omi wá. Moríyọ̀ mu ún tán, ó gba ọmọ odó lọ́wọ́ ìyàwó tó wọlé ṣáájú rẹ̀. Kò yọ nọ́ńbà àyà rẹ̀.

"Kò ní ní kókó, Àǹtí," ó ní. "Mọ́ńdè ni mò ń wọ àgọ́. Àwọn ọmọ á wà lọ́dọ̀ bàbá wọn."

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó gbé ọmọ odó sókè.