Ọjọ́ Tí Ìyá Sùnmọ́nù Kì Í Dáná

3.

…n kò sì tíì dá a lóhùn. Ọjọ́ kẹrin rèé. Mo ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà lórí ìdúró, mo kà á lórí ìjókòó, mo kà á nínú ọkọ̀ láti Adégbayì títí dé Ẹ̀gbẹ́dá. Èmi Leah, tíṣà, tí mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí wọ́n ṣe ń dáhùn ìbéèrè láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni, mi ò rí i dáhùn.

Ẹ má wá 1 àti 2. Mo ti ya wọ́n. Irọ́ ni mo kọ síbẹ̀.


4.

WÁSÁÀPÙ
Láti ọ̀dọ̀ Modinat, ọmọ Ìyá Sùnmọ́nù, láti Ìlọrin
29 Oṣù Kejìlá, 7:50 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ mà, Mọ́mì Bùkọ́lá. Ẹ kú ìdúrótì. Ẹ ṣeun bí ẹ ṣe dúró ti òkú Màámi. Ọlọ́run ò ní fi irú rẹ̀ san án fún yín. Nǹkan kan ló ń jẹ mí lọ́kàn, mà. Wọ́n ní Màámi ti lo oògùn ṣúgà wọn lọ́jọ́ Kérésì yẹn. Ẹ̀rù ń bà mí pé bóyá wọn ò jẹun sí i. Ṣùgbọ́n mo rántí pé ọjọ́ oúnjẹ yín ni, ọkàn mi sì balẹ̀ díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni wọ́n jẹ? Mo kàn fẹ́ mọ ohun tí Màámi jẹ gbẹ̀yìn.


5.

Ẹni tí kì í ṣe ará àdúgbò wa lè máa wò mí pé kí ló le níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Ògiri kan ló pààlà ilé wa àti ilé Ìyá Sùnmọ́nù. Ṣọ́ọ̀ṣì làwa ń lọ, mọ́ṣáláṣí làwọn ń lọ. Bí Iléyá bá dé, èmi kì í dáná, ẹran àgbò wọn ni à ń jẹ. Bí Kérésì bá dé, àwọn náà kì í dáná. Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé Oyèkúnlé gẹ́gẹ́ bí ìyàwó nìyẹn. Láàárọ̀ Kérésì wọn á fọ abọ́ tánganran mẹ́ta, wọn á ṣí ìdérí wọn, wọn á tò wọ́n sórí tábìlì dè mí. Ìrẹsì nínú ọ̀kan, ọbẹ̀ nínú ọ̀kan, mọ́ínmọ́ín nínú ìkẹta.

Lọ́jọ́ kejì, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, wọn á dúró lẹ́yìnkùlé wa, wọn á wú ikọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Gbogbo ilé, ẹ kú àná o. Ẹ kú ìnáwó àná."

A ò jọ ṣe àdéhùn rẹ̀ rí. Ta ló ń bá aládùúgbò ẹni ṣe àdéhùn oúnjẹ? Àwọn ló wẹ Bùkọ́lá fún mi nígbà tí mo bí i, tí ìyá mi ò tètè dé láti oko. Ìyẹn náà, a ò ṣe àdéhùn rẹ̀.


6.

(Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì ṣọ́ọ̀bù ńlá tó wà níwájú oríta. Oṣù Kẹwàá ni wọ́n ti lẹ̀ ẹ́.)

K É R É S Ì   T I   D É !
Ẹ ẹ̀ ní í máa gbé abọ́ kiri bí ará àtijọ́!
APẸ̀RẸ̀ Ẹ̀BÙN wà: KÉKERÉ ★ ŃLÁ ★ Ọ̀GÁ PÁTÁPÁTÁ
A ti wé e ní ọ̀rá dídán, a ti fi ríbọ́ọ̀nù dè é.
Ẹ jẹ́ kí ẹ̀bùn yín bá yín sọ̀rọ̀!

Wọ́n lẹ òwú mọ́ ẹ̀gbẹ́ gíláàsì náà yíká, wọ́n ní yìnyín ni. Ọyẹ́ ń la èèyàn létè ní Adégbayì, wọ́n ń fi òwú ṣe yìnyín. Mo rẹ́rìn-ín sí wọn. Lẹ́yìn tí mo rẹ́rìn-ín tán, mo wọlé lọ rà á.


7.

OHUN TÓ WÀ NÍNÚ APẸ̀RẸ̀

kọnfiléèkì, páálí kan
mílíìkì agolo, méjì
bísíkíìtì, oríṣi mẹ́ta
wáìnì tí kò ní ọtí nínú, ìgò kan
ṣúgà, páálí kan
káàdì: "Ẹ kú ọdún, láti ọ̀dọ̀ ìdílé Oyèkúnlé"

Ẹ tún ìkarùn-ún kà. Èmi tí mo máa ń tẹ̀ lé wọn lọ gba oògùn ṣúgà ní ọsibítù.


8.

Ó rẹ̀ mí. Mo fẹ́ kó yé Modinat pé ó rẹ̀ mí. Kí n tó se ọbẹ̀ Kérésì, mo ní láti lọ sí ọjà Ṣáṣá ní ìdájí lọ du tòmátì àti tàtàṣé mọ́ gbogbo ayé lọ́wọ́, kí n rẹ ẹ̀wà, kí n bó o, kí n gbé e lọ sí ilé ẹ̀rọ, kí n tò lórí ìlà. Bùkọ́lá wálé fún ọdún, ó ní, "Mọ́mì, ta ló tún ń gbé abọ́ kiri láyé ìsinsìnyí?" Ó ní kí á lọ jẹun níta, kí èmi náà sinmi lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn létí mi.

Òótọ́ kejì ni pé apẹ̀rẹ̀ náà wù mí. Mo ya fọ́tò rẹ̀ kó tó jáde nílé, mo gbé e sí sítátọ́ọ̀sì Wásáàpù mi. Èèyàn mọ́kànlélógójì ló wò ó. Ìyá Sùnmọ́nù ò sí nínú wọn, fóònù oníná tọ́ọ̀ṣì ni tiwọn.

Mi ò sọ fún wọn pé a ò ní dáná. Kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn.


9.

LEAH: Nígbà tí o gbé apẹ̀rẹ̀ dé ọ̀hún, kí ni wọ́n wí?
BÙKỌ́LÁ: Wọ́n wà lórí ẹní, wọ́n ń kírun.
LEAH: O wá ṣe báwo?
BÙKỌ́LÁ: Mo gbé e sórí àga.
LEAH: O ò dúró kí wọ́n kírun tán?
BÙKỌ́LÁ: Ẹ̀yin lẹ ní kí n yára. Dádì ti ń tẹ fèrè mọ́tò.
LEAH: Abọ́ wà lórí tábìlì?
BÙKỌ́LÁ: Abọ́ wo?


10.

ÀWỌN ÌPÈ TÍ Ẹ KÒ GBÉ, 25 OṢÙ KEJÌLÁ

Ìyá Sùnmọ́nù     2:14
Ìyá Sùnmọ́nù     3:40
Ìyá Sùnmọ́nù     5:02


11.

Mo rí gbogbo rẹ̀. Mo ní ọpẹ́ ni wọ́n fẹ́ dú, ọpẹ́ sì lè dúró di ọ̀la.


12.

WÁSÁÀPÙ
Láti ọ̀dọ̀ mi sí ọ̀rẹ́ mi kan nínú Ẹgbẹ́ Ìyá ṣọ́ọ̀ṣì wa
26 Oṣù Kejìlá, 9:05 àárọ̀

O ò rí nǹkan. Ìyá yìí ò wá dúpẹ́ o. Odindi apẹ̀rẹ̀! Ká ní ìrẹsì abọ́ kan ni, wọn ì bá ti jí mi lójú oorun. Èèyàn ò mọ oore mọ́.

(Mo ti pa á rẹ́. Ó ti kà á kí n tó pa á rẹ́.)


13.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni mo lọ. Kí n má parọ́, mo lọ kí wọ́n lè rí ojú mi, kí ojú lè tì wọ́n.

Ilẹ̀kùn ilé tí àwọn nìkan ń dá gbé kò tì. Wọ́n dùbúlẹ̀ sórí ẹní, wọ́n kọjú sí ọ̀nà ilé wa. Ara wọn ti tutù. Ike oògùn wà létí ìrọ̀rí. Sítóòfù mọ́ tónítóní, ìkòkò wà ní dídojúdé. Apẹ̀rẹ̀ wà lórí àga tí ọmọ mi gbé e sí. Wọn ò tú ríbọ́ọ̀nù rẹ̀. Ta ni yóò máa jẹ bísíkíìtì nígbà tí ìrẹsì ń bọ̀ lọ́nà?

Abọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lórí tábìlì, wọ́n ya ẹnu sílẹ̀.

Ohun tí mo ṣe kí n tó ké sí èèyàn rèé: mo dé àwọn abọ́ náà. Mo gbé apẹ̀rẹ̀ gba ẹ̀yìnkùlé, mo fi pamọ́ sábẹ́ ibùsùn mi. Lẹ́yìn náà ni mo wá figbe ta. Igbe náà kì í ṣe ẹ̀tàn. Mo fẹ́ kẹ́ni tó ń ka ìwé yìí gba ìyẹn gbọ́.


14.

Nọ́ọ̀sì àdúgbò ní oògùn yẹn kì í fẹ́ inú òfìfo. Ó ní ó sì lè jẹ́ ọkàn ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà.

Mo bẹ̀ ẹ́ kó fọwọ́ sọ̀yà.


15.

ÌKÉDE ṢỌ́Ọ̀ṢÌ, 28 OṢÙ KEJÌLÁ

Ìsìn Ọpẹ́ Ìparí Ọdún yóò wáyé ní Ọjọ́rú. Kí olúkúlùkù mú ẹ̀bùn ọpẹ́ tó jọjú wá. A ó máa pe orúkọ ní ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ayàwòrán yóò wà níkàlẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, wọ́n pe orúkọ mi. Mo gbé apẹ̀rẹ̀ náà jáde. Ẹ kàn máa wò mí. Àlùfáà gbàdúrà lé e lórí, ó ní ọwọ́ tó ń fúnni kò ní gbẹ. Gbogbo ìjọ ṣe àmín, ayàwòrán ya mí.


16.

Láti ìgbà tí a ti sin wọ́n, ẹnì kan ń wú ikọ́ lẹ́yìnkùlé wa ní ìdájí. Ẹ̀ẹ̀kan. Yóò wá dákẹ́, bí ẹni tó ń retí èsì.

Ọkọ mi ní ewúrẹ́ ni.

Mo jáde lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò bá ewúrẹ́, mi ò bá èèyàn. Mo dúró nínú ọyẹ́, aṣọ ìlékè ni mo ró. Mo ní, "Màámi, ẹ má bínú." Tó bá jẹ́ pé ẹ̀sùn ni wọ́n wá fi kàn mí, mà á mọ bí mà á ṣe bẹ̀bẹ̀. Ọpẹ́ ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.


17.

Àwa la ní ìkíni fún ẹni tó jókòó, fún ẹni tó ń rìn lọ, fún ẹni tó ń dirí, fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹrun. Ẹni tó ń dúró deni náà ní tirẹ̀: ẹ kú ìdúró. Ìyẹn ló yẹ kí n sáré wá kí wọn ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ náà.


18.

Èsì fún Modinat, ẹ̀yà kìn-ín-ní:  ~~Wọ́n jẹ ìrẹsì.~~
Modinat, ẹ̀yà kejì:  ~~Mi ò sí nílé lọ́jọ́ náà.~~
Modinat, ẹ̀yà kẹta:  ~~Wọ́n pè mí lẹ́ẹ̀mẹta~~
Modinat, ẹ̀yà kẹrin:


19.

Modinat dé fúnra rẹ̀ kí n tó kọ ọ́ tán. Ọjọ́ kejì oṣù Kìn-ín-ní, àdúrà ọjọ́ kẹjọ Màámi rẹ̀. Nígbà tí àwọn ààfáà lọ tán, ó wá sí pálọ̀ mi, ó kúnlẹ̀, mo ní kó dìde, kò dìde. Ó ní òun fẹ́ gba ohùn mi sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n òun, Sùnmọ́nù, tó wà lókè òkun, tí kò lè wá sin wọ́n, tí kì í sùn mọ́. Ó gbé fóònù rẹ̀ sórí itan mi. Nígbà tó yá, ó fi ránṣẹ́ sí èmi náà. Bó ṣe wà nínú fóònù ni mo ṣe dà á kọ.


20.

MODINAT: Ó ti ń gbà á, mà. Ẹ máa sọ ọ́.
LEAH: Kí ni kí n sọ?
MODINAT: Ohun tí Màámi jẹ.
LEAH: Modinat.
MODINAT: Mà?
LEAH: …Ìrẹsì ni.
MODINAT: Ìrẹsì pẹ̀lú ọbẹ̀?
LEAH: Ọbẹ̀ ata díndín. Adìyẹ wà nínú rẹ̀.
MODINAT: Ibo lára adìyẹ?
LEAH: Itan.
MODINAT: (Ó ń sunkún.) Itan ni wọ́n fẹ́ràn jù. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ gbé e lọ?
LEAH: Èmi ni.
MODINAT: Kí ni wọ́n sọ nígbà tí wọ́n rí yín?
LEAH: Wọ́n ní… wọ́n ní kí Ọlọ́run gbọ́ tèmi náà.
MODINAT: Àmín. Bọ̀dá Sùnmọ́nù, ṣé ẹ gbọ́? Ẹ máa sùn. Ebi ò pa Màámi.

(Ọkọ̀ kan kọjá níta.)

MODINAT: Mọ́mì Bùkọ́lá.
LEAH: Hùn.
MODINAT: Ṣé wọ́n jẹ ẹ́ tán?

(Ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlá.)

LEAH: