Òdo Tó Sọnù Nínú Ètò Bàbá Dosu

Bàbá Dosu ló kọ ètò kọ̀ǹpútà tí ilé ìwòsàn kan ní Ibereko fi ń tọ́jú orúkọ àwọn aláìsàn. Bàbá ti fẹ̀yìn tì láti ọdún mẹ́jọ, àmọ́ ètò rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí dókítà ní kí Moyọ̀sọ́lá, tó ń tọ́jú ètò náà báyìí, so ó pọ̀ mọ́ iléeṣẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ rán aláìsàn létí ọjọ́ àyẹ̀wò, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi jókòó tì í. Gbogbo nọ́ńbà fóònù tó fi ránṣẹ́ ni wọ́n ń dá padà pé kò pé.

"Sọ ti àtijọ́ yẹn nù," ni dókítà wí.

Kò wu Moyọ̀sọ́lá. Ó ti rí ohun tí bàbá kọ sáàárín ètò náà fún ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn: "Rọra ṣe níbí o, ojú mi rí nǹkan." Ó lọ bá a nílé, nítòsí ọjà Agbalata.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Èmi ni mo ń tọ́jú ètò yín báyìí."

"Ṣé pípa lẹ fẹ́ pa á?"

"Rárá o, sà. A fẹ́ kó máa bá ará ìta sọ̀rọ̀ ni."

Bàbá wo mẹ́ta péré nínú àwọn nọ́ńbà tí wọ́n dá padà, ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, èmi ni mo jẹ̀bi. Mo fi nọ́ńbà fóònù pamọ́ bí iye tí èèyàn ń ṣírò. Kọ̀ǹpútà rò pé òdo iwájú kò wúlò, ó gé e sọnù."

Moyọ̀sọ́lá kò fọwọ́ kan ètò àtijọ́ náà. Ó kọ ìlà ètò mélòó kan sí àárín rẹ̀ àti iléeṣẹ́ náà, tó ń fi 234, nọ́ńbà Nàìjíríà, síwájú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan dípò òdo tó sọnù, kó tó jáde. Bàbá bá a lọ sílé ìwòsàn láti dán an wò, ó sì yan orúkọ ìyàwó tirẹ̀: "Ìyá Láídé, ẹ wá ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru ní Ọjọ́bọ̀."

Lọ́tẹ̀ yìí, wọn ò dá a padà.

Kò pé wákàtí kan tí Ìyá Láídé fi wọlé, pẹ̀lú ìró tuntun nídìí. Èdè Gun ló kọ́kọ́ fi ń bá ọkọ rẹ̀ jà, kó tó yí sí Yorùbá nítorí Moyọ̀sọ́lá.

"Ilé ìwòsàn rántí mi, ẹ̀yin tí a jọ ń gbélé ò rántí!"

"Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Òní Ọjọ́ Ajé ni," ni ọkọ rẹ̀ fèsì.

"Ṣé kí n padà ni?"

Nọ́ọ̀sì ti gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru dé. Bàbá Dosu gba báàgì lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó jókòó tì í, ó sì ń bá a ká apá bùbá rẹ̀ sókè.