Ọgbọ̀n Irin ní Aago Mẹ́sàn-án

Kí n fọwọ́ sí i. Ó ní kí n kàn fọwọ́ sí i—bí ẹni ní kí n pa ilẹ̀kùn dé.

Ṣìọ̀. Onítáì. Ọdún méjì ló ti ń ṣe ọ̀gá ilé-iṣẹ́ yìí, kò tíì mọ géèjì tí a fi ń wọn irin yàtọ̀ sí síbí. Lẹ́tà àwọn tó ń to kẹ̀kẹ́ arọ nìyí níwájú mi. Irin tí a ṣe fún wọn, irin kékeré tó ń di táyà mú, mẹ́ta ti yọ. Wọ́n ti tín-ín-rín jù. Obìnrin kan bá kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣubú lẹ́nu àtẹ̀gùn ilé rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kán. Ẹrù mìíràn sì ti wà nínú ọkọ̀ níta, ìwé ẹ̀rí pé irin náà dára, tí mo máa fọwọ́ sí, ló kù.

"Ṣebí 1.6 ni iye wa? Kí ló tún kù?"

Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ máàkì ìdánwò! Ta ló máa ráyè ṣàlàyé fún un… pé àyè wà láàárín irin tó tín-ín-rín jù àti èyí tó nípọn jù, pé iye yẹn ń sọ bí ẹ̀rọ ṣe ń gba àárín kọjá láì fara kan ẹ̀gbẹ́, bí awakọ̀ lórí afárá tóóró. Bó bá wálẹ̀ sí 1, ẹ̀gbẹ́ ti fẹ́ máa ha mọ́tò lára. 1.33 là ń wá. 1.6, àyè gbà wá dáadáa. Ṣùgbọ́n olódo ò ní béèrè, á kàn máa mi orí.

Àwọn kan ń ṣa irin tó dára wọ̀n. Èmi kọ́. Ọgbọ̀n irin, bí wọ́n bá ṣe ń jáde, lójoojúmọ́, aago mẹ́sàn-án géérégé. Bàbá Onígéèjì tó kọ́ mi níṣẹ́ ló fi lélẹ̀: "Ọmọ mi, má wọn irin lára ẹ̀rọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Jẹ́ kára ẹ̀ yá ná." Òṣìṣẹ́ nìyẹn. Kì í ṣe àwọn ti ìsinsìnyí tí wọ́n…

Dúró ná.

Ìsàlẹ̀ lẹ́tà. Páálí mẹ́ta tí irin wọn yọ. A máa ń tẹ wákàtí tí irin inú rẹ̀ jáde mọ́ páálí lára… méje. Méje. Èyí náà, méje.

Aago méje la máa ń tan ẹ̀rọ.

Rárá o. Ara ẹ̀rọ kò tíì yá nígbà yẹn, ta ni yóò… Àmọ́ irin ń jáde. Wọ́n ń kó o sí páálí. Wọ́n ń gbé e lọ. Wákàtí méjì gbáko, lójoojúmọ́.

Onítáì kò mọ̀, kò sì lè mọ̀. Èmi tí mo mọ̀, èmi tí mò ń yínmú sí i… ọdún mẹ́sàn-án, n kò fi géèjì kan irin aago méje rí. Òótọ́ ni 1.6. Òótọ́ aago mẹ́sàn-án ni.

"Ẹ ò tíì ṣe tán ni?" Onítáì ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Bíírò ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ojú ń tì mí.

Obìnrin yẹn jókòó lé irin tí ẹnì kankan kò wọ̀n. Iṣẹ́ mi ni kí n wọ̀n ọ́n.