Kásẹ́ẹ̀tì Àkọ́kọ́ Ààrá Onígìtá

"Ọ̀gá, lọ́jọ́ tí mo gba orin yìí sílẹ̀, gìtá mi ké débi pé ààrá sọ̀kalẹ̀ láti ojú ọ̀run wá bẹ̀ mí!"

Ohun tí Ààrá Onígìtá sọ fún sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò nìyẹn. Bí kásẹ́ẹ̀tì tó mú wá bá dùn létí ọkùnrin yìí, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì rẹ̀ máa kọrin lórí rédíò.

Ọkùnrin náà tẹ kásẹ́ẹ̀tì. Gìtá bú ramúramù.

"Ṣé ìwọ lo ta gìtá inú orin yìí?"

"Èmi ni! Irun imú mi gan-an jóná!"

Orin parí, àmọ́ wọn ò rántí pa rẹ́kọ́dà lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á sílẹ̀. Ohùn àbúrò obìnrin Ààrá jáde ketekete: "Bọ̀dá mi, mo ti fi gìtá ta orin náà tán o. Ẹ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

Ohùn Ààrá fúnra rẹ̀ dáhùn nínú kásẹ́ẹ̀tì náà, ó ń gbọ̀n: "Ṣé ariwo yẹn ò ní padà wá?"

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ na gìtá kan tó wà nítòsí sí i. "Ààrá, ó yá, ta á ká gbọ́."

Akọni wa wo gìtá, ó ní òun fẹ́ lọ tọ̀. Bàtà ẹsẹ̀ kan ló ṣẹ́ kù lẹ́nu ọ̀nà. Eré tó sá, òjìji rẹ̀ ò lè bá a.