Ẹni Tó Jókòó Síwájú

"Ìgbì ni, Àǹtí. Ta ló lè bá omi jà?"

Ṣùkúrátù ẹlẹ́ja ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún aládùúgbò tó wá kí i nínú yàrá rẹ̀ ní Ìkàtè. Ó fẹ̀yìn lélẹ̀, bẹ́líìtì líle tí wọ́n fún un nílé ìwòsàn wà ní ìbàdí rẹ̀. Tàjùdéèn, awakọ̀ ojú omi tó gbé e lọ́jọ́ tó fi ẹ̀yìn ṣèṣe, jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn, ojú ń tì í. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ìyá yìí ti ń gbè é láìmọ̀, bí òun ṣe rò.

Kì í ṣe ìgbì. Ẹ́ńjìnì ńlá tí Tàjùdéèn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sídìí ọkọ̀ ló fẹ́ fi fọ́nnu. Bí wọ́n ṣe kúrò ní èbúté Ajah ló ki eré mọ́lẹ̀, ni imú ọkọ̀ bá ń fò sókè, tó ń já lu omi gbàmù-gbàmù. Ká ní ó dín eré kù ni, gbogbo rẹ̀ ì bá rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn, kò sì fẹ́ kó kọjá òun. Ló bá ṣe bí gbogbo wọn ti máa ń ṣe: ó ní kí ẹni tó sanra jù bọ́ síwájú, kó bá òun tẹ imú ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn èrò rẹ́rìn-ín, Ṣùkúrátù náà rẹ́rìn-ín, ó sì bọ́ síwájú. Ìgbà kẹta tí ọkọ̀ já lu omi ló ba egungun ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Nígbà tí aládùúgbò lọ tán, Tàjùdéèn dọ̀bálẹ̀ síwájú bẹ́ẹ̀dì.

"Màmá, kì í ṣe ìgbì. Èmi ni. Mi ò dín eré kù."

"Mo mọ̀," ni ìyá náà wí. "Etí omi ni wọ́n bí mi sí. Mo gbọ́ bí ẹ́ńjìnì yẹn ṣe ń ké, kò rẹlẹ̀ rárá. Mo ní kí n máa wò ó, bóyá wàá wá sọ ọ́."

Tàjùdéèn sunkún, ó bẹ̀bẹ̀, ó bú ara rẹ̀. Ìyá náà jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Ta ló jókòó síwájú láàárọ̀ yìí?"

Obìnrin kan tó ń lọ dáná fáwọn òṣìṣẹ́ ni, Tàjùdéèn ò tilẹ̀ bèèrè orúkọ rẹ̀. Ó fa fóònù yọ níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí, ó ní kí mẹkáníìkì òun wá sọ ẹ́ńjìnì náà kalẹ̀ kí ọkọ̀ tó tún gbéra nírọ̀lẹ́.

Ṣùkúrátù ò sọ pé òun dárí jì í. Ó ní kó bá òun gbé ìrọ̀rí sábẹ́ orúnkún, ẹ̀yìn ń dun òun. Tàjùdéèn rọra gbé e síbẹ̀.