Ẹyọ Kan Tí Agbálẹ̀ Ò Gbé

"Ta ló ṣì dì í mú?"

Ọ̀gá ló béèrè. Ojú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lára ògiri, níbi tí kọ̀ǹpútà ti gbé iye náà hàn gàdàgbà: ogójì fáìlì ni wọ́n tú sílẹ̀ fún ìdánwò, mọ́kàndínlógójì ni agbálẹ̀ gbé.

Inú kọ̀ǹpútà ni agbálẹ̀ yìí ń gbé. Nínú èdè tí wọ́n fi ń kọ iṣẹ́ wọn, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ ara rẹ̀ da nǹkan nù. Agbálẹ̀ ló ń lọ káàkiri: ohun tí nǹkan mìíràn bá ṣì dì mú, tàbí tó ń wò lọ́wọ́, á fi í sílẹ̀, èyí tí ò lẹ́ni mọ́, á gbá a. Ọgbọ́n tuntun tí Ẹ̀gbọ́n, àgbà ìdí iṣẹ́ náà, mú wá ni pé kí fáìlì aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀kùn kan ṣoṣo. Bí aláìsàn bá ti lọ sílé, kí wọ́n tilẹ̀kùn, kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má tó fáìlì rẹ̀ mọ́, kí agbálẹ̀ ráyè gbé e.

Tọ́pinpin ni wọ́n ń pe ọ̀dọ́kùnrin tí yóò yẹ iṣẹ́ náà wò, tí yóò sì fọwọ́ sí i. Iṣẹ́ tó fọwọ́ sí lọ́dún tó kọjá ló kún inú ẹ̀rọ ilé ìwòsàn kan títí ó fi dákú lọ́sàn-án gangan. Bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Ìdí nìyẹn tí kò fi gba ilẹ̀kùn Ẹ̀gbọ́n wọlé. Ó ṣe ojú ìṣọ́ tirẹ̀ sára ògiri, èyí tó lè fi ṣí fáìlì tó bá wù ú, kó sì wò ó tààrà, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ọ̀bọ lọ̀ ọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ṣé ilé yín yìí ò ní fèrèsé lẹ́yìnkùlé?"

"Àbúrò, bó o bá rí i, bá mi tì í. Òtútù ń mú mi."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Tọ́pinpin ò rẹ́rìn-ín. Láti àárọ̀ ni Ẹ̀gbọ́n ti ń mumi ṣáá, ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ kì í mumi tó bẹ́ẹ̀. Tọ́pinpin tún ka iṣẹ́ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan. Kò rí fèrèsé. Wọ́n tún ìdánwò náà ṣe, ẹyọ kan tún kù. Ìkẹtàdínlógún ló kù lákọ̀ọ́kọ́. Ní báyìí, ìkẹrìnlélógún ni.

"Ó ń yí padà," ni Tọ́pinpin wí. "Ẹnì kan ló ń yàn án."

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé ìkẹrìnlélógún ni?" Ọ̀gá béèrè.

"Ẹ wò ó níbẹ̀ yẹn."

Ó nàka sí ògiri. Fáìlì ìkẹrìnlélógún ṣí sílẹ̀ gbayawu níbẹ̀, orúkọ, ọjọ́ orí, nọ́ńbà ibùsùn, bó ṣe ṣí i fúnra rẹ̀ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, kó lè máa ṣọ́ ọ. Ìkẹtàdínlógún ló ṣí lákọ̀ọ́kọ́.

Ìka rẹ̀ dúró lófuurufú. Ẹ̀gbọ́n rọra gbé ife omi rẹ̀ kalẹ̀.